Màmá Adékẹ́mi Àlùkò (1949–2013): Agbẹ̀bí Tí Í Béèrè Kó Tó Fúnni Lóògùn

Ìlú Ògbómọ̀ṣọ́ ni a ti bí Màmá Adékẹ́mi Àlùkò ní ọdún 1949, sínú ìdílé Bàbá Jóṣúà Adétúnjí, káfíńtà, àti Ìyá Dọ́káàsì tí í ṣe ọṣẹ. Wọ́n ka ìwé mẹ́fà, wọ́n sì kọ́ṣẹ́ agbẹ̀bí. Ní 1974 wọ́n fẹ́ Olóògbé Adékúnlé Àlùkò, oníṣòwò aṣọ ní ọjà Waterside ní Monrovia, olú-ìlú Liberia, wọ́n sì bá ọkọ wọn wá síbẹ̀.

Nígbà ogun abẹ́lé Liberia, inú ilé wọn ní Old Road ni wọ́n ti ń gbẹ̀bí, torí kò sí ọ̀nà láti dé ilé ìwòsàn. Ní 1996 ni ọkọ wọn kú. Nígbà tí ogun parí ní 2003, ó ti rẹ Màmá, ṣùgbọ́n ìrọbí kì í dúró de ẹni tó rẹ̀. Wọ́n gba iṣẹ́ ní ilé ìwòsàn kékeré kan ní Jallah Town.

Ní oṣù kẹfà ọdún 2007, ibà mú Bọ́ládé, ọmọbìnrin wọn, tí oyún rẹ̀ pé oṣù méje. Màmá fún un ní oògùn tí wọ́n ti fún àìmọye aláboyún. Ní ọjọ́ kẹta, ìtọ̀ rẹ̀ dúdú bíi kọfí, ẹyinjú rẹ̀ sì pọ́n rúsúrúsú. Takisí ni wọ́n fi gbé e dé ilé ìwòsàn ńlá. Wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára. Bọ́ládé yè, ọmọ inú rẹ̀ kò yè.

Dókítà ṣàlàyé pé ẹ́ńsáìmù kan, èròjà tí í dáàbò bo ẹ̀jẹ̀ pupa, kò tó lára Bọ́ládé. Àbímọ́ ni. Oògùn náà ló fọ́ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ tí oyún kò jẹ́ kó pọ̀ tẹ́lẹ̀.

Màmá dáhùn pé, "Ọwọ́ mi yìí ni mo fi bu omi tó fi gbé e mì."

Oṣù mẹ́rin gbáko ni wọn kò fi gbẹ̀bí. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, ìjókòó ẹ̀yìn ni wọ́n ń jókòó sí, wọn kì í kọrin. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, Bọ́ládé lọ aṣọ iṣẹ́ wọn, ó gbé e síwájú wọn.

Ó ní, "Màmi, wọ́n ṣì ń fún àwọn èèyàn ní oògùn yẹn. Bí ẹ ò bá lọ, ta ni yóò máa bi wọ́n léèrè?"

Wọ́n dìde, wọ́n lọ. Láti ọjọ́ náà, aláboyún kankan kò gba oògùn lọ́wọ́ wọn láìdáhùn ìbéèrè méjì: ǹjẹ́ ìtọ̀ rẹ ti dúdú rí lẹ́yìn tó o lo oògùn? Ǹjẹ́ ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ wà nínú ìdílé yín? Àwọn kan ń kùn pé Màmá ń dá àwọn dúró. Ẹni tó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, Màmá á tẹ̀ lé e lọ fún àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, pẹ̀lú ẹsẹ̀ wọn tó ti wú. Obìnrin mọ́kànlá ni àyẹ̀wò náà fi hàn pé ẹ́ńsáìmù yẹn kò tó lára wọn, oògùn mìíràn ni wọ́n sì fún wọn. Gbogbo wọn ló bí tibi-tire.

Ní 2010, Bọ́ládé bí Tiwalolúwa. Màmá fúnra wọn ló gbẹ̀bí náà. Wọ́n gbé ọmọ fún ìyá rẹ̀, wọ́n fẹ̀yìn ti ògiri, wọ́n sì sùn lọ síbẹ̀.

Ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹta ọdún 2013 ni Màmá papòdà, lẹ́yìn àìsàn ọkàn ráńpẹ́. Wọ́n fi ọmọ méjì sílẹ̀, Bọ́ládé àti Káyọ̀, ọmọ-ọmọ mẹ́ta, àti àbúrò wọn, Bímpé, ní Ògbómọ̀ṣọ́.

Màmá, a kò ní jí yín mọ́. Ẹ ti ṣe é tó. Ẹ sùn re o, kí ilẹ̀ tù yín lára.