Mo Gbé Ẹ̀mí Ìyá Rẹ Dé Oǹdó Lórí Àtẹ́lẹwọ́

Ìlú-Àbọ̀, lẹ́bàá Àkúrẹ́.
Ọjọ́ Kẹtàdínlógún, Oṣù Kẹjọ, 2024.

Kíkẹ́lọmọ ọmọ mi,

Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú ìrìn Èkó tí kì í tán, mo sì kí ọ kú ìfaradà ọjà tó ń gbówó lórí lójoojúmọ́ bí ẹni pé ẹnìkan ń lé e bọ̀. Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ọkọ rẹ Ọlámilékan ńkọ́? Ọlọ́run tí ó mọ ìwọ̀n òjò tí kòkó lè mu kò ní gbé ju èyí tí èjìká rẹ lè rù lọ lé ọ lórí. Bí o bá ti ṣe àmín, jókòó dáadáa, nítorí ọ̀rọ̀ inú lẹ́tà yìí gùn.

Àwa náà wà. Gbogbo ayé ní kòkó ti di wúrà lọ́dún yìí, ṣùgbọ́n àwọn igi tèmi kò tíì gbọ́ ìròyìn náà. Wọ́n ti darúgbó, àfòmọ́ sì ti bo èyí tó pọ̀ nínú wọn. Ọmọ rẹ Mojísọ́lá tí o fi ránṣẹ́ sí wa fún ọlidé wà dáadáa, ó ti sanra, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ti yọ. Àmọ́ kí o tó gbọ́ ọ láti ẹnu ẹlòmíràn, mo fẹ́ ṣàlàyé ohun tí ó gbé mi dé Oǹdó ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun pẹ̀lú bàtà ilé lẹ́sẹ̀.

O rántí ẹ̀rọ géèmù kékeré tí ọkọ rẹ rà fún ọmọ náà, èyí tí àwọn ẹranko abàmì ń bá ara wọn jà nínú rẹ̀. Mo máa ń bá a jókòó wò ó lábẹ́ igi máńgòrò. Ìjà wọn wù mí nítorí ó ní ìwà ọmọlúàbí: ẹnìkan á kọlu èkejì, á sì dúró kí èkejì náà kọlu òun. Àwọn olóṣèlú wa kò lè jà bẹ́ẹ̀. Ẹranko kọ̀ọ̀kan ní ìlà kan lókè orí tó ń sọ bí ẹ̀mí rẹ̀ ṣe kù sí. Tí ó bá kún, á ní àwọ̀ ewé, tí ó bá ń tán lọ, á pọ́n bí ọsàn, tí ó bá kù díẹ̀ kó kú, á pupa bí epo.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun náà, ẹranko ọ̀tá kan jáde tí ó dà bí àdán, tí ewé sì hù lórí rẹ̀. Kò gbáni, kò géni jẹ. Ó kàn na okùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan jáde, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fa ẹ̀mí ẹranko Mojísọ́lá mu. Bí ìlà ẹ̀mí ti ọmọ wa ṣe ń kúrú ni ti ọ̀tá ń gùn. Mo ní áà, àfòmọ́ nìyí! Mo ṣàlàyé fún un pé àfòmọ́ kò ní gbòǹgbò tirẹ̀, oúnjẹ igi tó gbà á sọ́rùn ni í jẹ, àti pé àdá ni oògùn rẹ̀ kí ó tó so èso. Ó ní kò sí àdá nínú géèmù yìí, Bàbá àgbà, iná ló wà, omi ló wà, àrá ló wà.

Ibẹ̀ ni mo ti fi awò sójú kí n lè ka ohun tí wọ́n kọ sí ẹ̀gbẹ́ ẹranko tí wọ́n ń fà mu náà. Mo kà á, mo nu awò, mo tún un kà. MÀMÁ ÀGBÀ ni wọ́n kọ síbẹ̀. Orúkọ tí ọmọ yìí ń pe ìyá rẹ nìyẹn. Ìlà rẹ̀ kò ju orí èékánná lọ mọ́, ó sì ti pupa.

Mo bi í pé ta ló kọ irú nǹkan báyìí. Ó ní òun ni, pé wọ́n ní kí olúkúlùkù sọ ẹranko rẹ̀ lórúkọ, òun sì fi Màmá àgbà sọ èyí tí kì í sá fún ìjà. N kò lè sọ pé ó parọ́. Ṣùgbọ́n Kíkẹ́lọmọ, wọ́n ti tọ́ mi kí n tó mọ̀wé. Bàbá mi kì í jẹ́ kí a fi orúkọ ará ilé pe adìyẹ, nítorí ọjọ́ ọdún ń bọ̀. Mo wá rántí pé ìyá rẹ kò sí nílé. Láti ọjọ́ Ẹtì ni ó ti lọ sí Oǹdó lọ́dọ̀ Moríyọ̀ àbúrò rẹ̀. Ó ní òun fẹ́ bá a palẹ̀ mọ́ fún ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì wọn, ìkórè tí ó jẹ́ pé oṣù kọkànlá ni wọ́n máa ń ṣe é. N kò ro ìyẹn dé ìsàlẹ̀ nígbà náà.

Mo pe fóònù rẹ̀. Obìnrin kan báyìí tí kì í kí àgbà ni ó gbé e, ó ní ẹni tí mo ń pè kò sí ní àrọ́wọ́tó. Mo bẹ̀ ẹ́ kó wo inú ilé ìdáná ná. Ó tún ọ̀rọ̀ kan náà sọ. Mo ní kó kàn sọ fún mi bóyá ara ìyá rẹ le. Ó gé fóònù mọ́ mi létí.

Mojísọ́lá fẹ́ tẹ ohun tí yóò mú ìjà náà tẹ̀síwájú, mo pariwo mọ́ ọn pé kó dá gbogbo nǹkan dúró. Ó tẹ ibì kan, àwọn ẹranko méjèèjì sì dúró gbagidi. Ó ní bí a bá fi í sílẹ̀ báyìí, kò sóhun tí yóò ṣe ẹnikẹ́ni, àfi tí bátìrì bá tán. Mo ní kí ló kù nínú bátìrì? Ó ní mẹ́tàlélógójì nínú ọgọ́rùn-ún. Iná mànàmáná kò sì tíì wá sí àdúgbò wa fún ọjọ́ mẹ́sàn-án.

Mo fẹ́ kí o mọ̀ pé n kò gbà á gbọ́. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ ní ìwé, mo sì ti bi àwọn alùfáà wa ní ìbéèrè tí wọ́n fi ní kí n máa jókòó lẹ́yìn. Mo mọ̀ pé ẹ̀mí ènìyàn kò lè wà nínú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ike ṣe. Síbẹ̀, n kò dúró pààrọ̀ bàtà ilé.

Bí mo ṣe gbé e lé àtẹ́lẹwọ́ nìyẹn, bí ẹni gbé àwo ọbẹ̀ tó kún dé etí, èmi àti Mojísọ́lá gun ọ̀kadà. Mo ní kí ọlọ́kadà má wọ kòtò kankan. Ó ní Bàbá, tí mo bá yẹra fún kòtò, inú igbó la ó gbà dé Ọ̀bà-Ilé. Ní Àkúrẹ́, mo wọ ṣọ́ọ̀bù bábà kan tí jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ ń ké, mo bẹ̀ ẹ́ pé kó bá mi ṣájì ẹ̀mí ìyàwó mi. Ó fi abẹ sílẹ̀. Ó gbìyànjú wáyà mẹ́fà, ẹnu wọn kò bá ihò ẹ̀rọ náà mu. Oníbàárà tí ó gẹ irun rẹ̀ dé ìdajì ní kí a jọ gbàdúrà. A gbà á. Bátìrì ku mọ́kàndínlọ́gbọ̀n.

Nínú ọkọ̀ Oǹdó, ọ̀gbẹ́ni kan tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba, ará Òkìtìpupa, gbọ́ ọ̀rọ̀ mi, ó sì fi mí ṣe ẹlẹ́yà. Ó ní irú àwa báyìí ni kò jẹ́ kí orílẹ̀-èdè yìí lọ síwájú. Mo ní òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n mo ṣàkíyèsí pé láti ìgbà náà, ó ká ẹsẹ̀ rẹ̀ kò títí a fi dé Oǹdó, kí ó má baà gbún ẹ̀rọ náà. Ní gbogbo ìgbà tí ojú ẹ̀rọ bá fẹ́ ṣú, mo máa ń fọwọ́ kàn án kó má baà sùn. Mojísọ́lá ní Bàbá àgbà, ẹ̀yin gan-an lẹ̀ ń fa bátìrì yìí mu. Mo tún fọwọ́ kàn án.

Nígbà tí a wọ ilé Moríyọ̀, bátìrì ku mọ́kànlá. Ìyá rẹ wà lórí ẹní nínú pálọ̀, aṣọ tútù lórí, ojú rẹ̀ wú. Ó rí mi, ó ní ta ló ń ṣọ́ adìyẹ òun?

Ó ní oòrùn lásán ni. Moríyọ̀ ní irọ́ ni, Bùọ̀dá, ẹ má dá a lóhùn. Ó ní ó ti tó oṣù méjì tí ìyá rẹ ti ń gé oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ sí mẹ́rin mẹ́rin, tí ó ń lo ẹyọ kan fún ọjọ́ mẹ́rin, ọ̀sẹ̀ méjì sì nìyí tí ìyẹn náà ti tán. Owó oògùn tí ò ń fi ránṣẹ́, ẹyin àti wàrà Mojísọ́lá ni ó fi ń rà. Èyí tó kù, àti ti ìṣáájú kí ọmọ tó dé, oògùn kòkó mi ni. Ó ń sọ fún mi pé àwọn ẹgbẹ́ àgbẹ̀ ló ń fún wa lọ́fẹ̀ẹ́. Ó wá sí Oǹdó kí a má baà rí i nígbà tí kò lè dìde. Kíkẹ́lọmọ, èmi ni mo kọ́ ọmọ nípa àfòmọ́ láàárọ̀.

A gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kan. Nígbà tí nọ́ọ̀sì wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ó tún un wọ̀n, ó sì sáré jáde. Dókítà tí ó bá a wọlé jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin kan, Adébùsóyè lorúkọ rẹ̀. Ó fún un ní abẹ́rẹ́, ó ní tó bá di ọjọ́ kejì ni, òun kò mọ ohun tí òun ì bá máa sọ fún wa. Mojísọ́lá ń sunkún lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó ní nínú géèmù, ilé kan wà tí wọ́n máa ń gbé ẹranko tó ṣàìsàn lọ, nọ́ọ̀sì á gbà á, orin á dún, ara á yá, wọn kì í gba kọ́bọ̀. Mo bi í pé ìjọba ìbílẹ̀ wo nìyẹn. Nọ́ọ̀sì tiwa ní ṣé wọ́n ń gba òṣìṣẹ́ níbẹ̀, ṣé wọ́n sì ń san owó oṣù lásìkò?

Dókítà rí ẹ̀rọ náà lọ́wọ́ mi. Mo rò pé yóò ní kí n pa á. Ó yọ wáyà kan nínú àpò ara rẹ̀, ó bá ihò mu, ó wò ó, ó ní Bàbá, ẹranko yín yìí náà mọ bí wọ́n ṣe ń fa ẹ̀mí mu, kí ló dé tí kò ṣe é? Mojísọ́lá ní òun kò jẹ́ kó ṣe é, nítorí Màmá àgbà kì í gba nǹkan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Dókítà wo bẹ́ẹ̀dì. Ó bẹ̀ mí pé kí n jẹ́ kí òun tẹ ẹ̀ẹ̀kan péré. Mo di ojú mi. Nígbà tí mo là á, ìlà àdán ọ̀hún ti kúrú, ti Màmá àgbà ti ní àwọ̀ ewé. Ó gbé e lọ fi han ìyá rẹ, ó ní ẹ rí i bí ẹ ṣe ń gbà báyìí, Màmá? Ìyá rẹ ní ta ló fi orúkọ òun sára ọ̀bọ?

Ọjọ́ méjì ni a lò níbẹ̀. A ti padà sílé, ara rẹ̀ ti ń mókun, ó sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í bá mi jà. Mo bi Mojísọ́lá bóyá ó fi orúkọ mi náà sọ ẹranko kan. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, pé iṣẹ́ tiyín ni kẹ́ ẹ máa sùn.

Ní ti owó, mo ti kọ ohun tí mo fẹ́ sí ìwé ọ̀tọ̀: oògùn kòkó, tọ́ọ̀ṣì àti bàtà. Ìyá rẹ ní kí n kọ pé òun kò fẹ́ nǹkan kan. Mo kọ ọ́. Mo ti dé ẹnu ọ̀nà kó tó pè mí padà. Ó ní kí n pa á rẹ́. Ó ní kí n kọ pé òun fẹ́ oògùn oṣù mẹ́ta, odindi, kí o rà á ní Èkó, kí o má fi owó rẹ̀ ránṣẹ́. Ó ní àti sàdíìnì agolo kan, tí òun nìkan yóò jẹ, tí òun kò ní bù fún ẹnikẹ́ni. Láti ogójì ọdún tí mo ti fẹ́ ẹ, n kò gbọ́ kí ó sọ pé òun fẹ́ nǹkan rí. Mo ní èmi ńkọ́? Ó ní kí n ya ìwé tèmi. Mo ti ya á.

Jọ̀wọ́, ra sàdíìnì náà kí o tó ra ohunkóhun mìíràn. Ọwọ́ tí o fi ń fúnni kò ní gbẹ, ọwọ́ tí ìwọ náà yóò fi gbà kò ní ká kò. Jẹun o.

Èmi ni bàbá rẹ,
Adédèjì Oríọlá.