Ẹ̀bẹ̀ Lórí Ìlà Funfun Tí Ó Ń Darí Ọkọ̀ Sínú Kòtò Omi

Ilé Kẹtàdínlógún, Òpópónà Membrillo,
Las Acequias,
Palo Hondo, California.
Ọjọ́ kẹfà, oṣù Kejìlá, ọdún 2022.

Ọ̀gá Àgbà,
Ilé-iṣẹ́ Ìtọ́jú Òpópónà, Ẹkùn Palo Hondo,
Palo Hondo, California.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

ÌBÉÈRÈ PÉ KÍ Ẹ PA ÌLÀ FUNFUN ÀTIJỌ́ RẸ́ NÍBI TÍ ÒPÓPÓNÀ 317 TI KỌJÁ KÒTÒ OMI BELLOTA, KÍ KÙRUKÙRU TÓ PADÀ DÉ

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú pé irú mi gbójú gbóyà kọ̀wé sí yín. Ọmọ ọdún méjìdínlógún ni mí, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wà ní ọdún kìíní ní Kọ́lẹ́ẹ̀jì Palo Hondo, n kò sì kọ irú lẹ́tà yìí rí. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo ti kọ ọ́ tí mo fà á ya. Olùkọ́ wa ní ẹni tó bá ń kọ̀wé sí ìjọba gbọ́dọ̀ fi nọ́ńbà to ọ̀rọ̀ rẹ̀, kí ó má sì máa sọ bí ó ṣe ń ṣe é lára. Mo máa gbìyànjú. Bí ẹ bá rí ibi tí mo ti ṣi ọ̀rọ̀ sọ, ẹ fojú fò ó, ṣùgbọ́n ẹ bá mi kà á dé ìsàlẹ̀, torí ìsàlẹ̀ ni mo kó ohun tó ṣòroó sọ sí.

1. Ọdún kọkànlá rèé tí màmá mi, Ofelia Carbajal, ti ń fi bọ́ọ̀sì kékeré wa kó àwọn obìnrin àdúgbò lọ sí oko àjàrà ní apá ìwọ̀ oòrùn. Lásìkò òtútù yìí, ẹ̀ka àjàrà ni wọ́n ń rẹ́, aago márùn-ún ààbọ̀ àárọ̀ ni wọ́n sì ń kúrò nílé. Ní ìparí oṣù tó kọjá, ọrùn ọwọ́ màmá mi wú nítorí àlùmọ́gàjí ńlá tí wọ́n fi ń rẹ́ ẹ̀ka. Mo wá ń bá a wa bọ́ọ̀sì náà ní Ọjọ́ Ajé àti Ọjọ́bọ̀, nítorí aago mẹ́wàá ni kíláàsì mi ń bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ méjèèjì.

2. Ẹ̀yin náà mọ kùrukùru ilẹ̀ wa, àmọ́ n kò mọ̀ bóyá ẹ ti wakọ̀ nínú rẹ̀ rí ní aago mẹ́fà àárọ̀. Bí òjò bá rọ̀ tán tí afẹ́fẹ́ kò fẹ́, inú ilẹ̀ ló ti ń jáde, ó sì ń bo gbogbo oko mọ́lẹ̀. Bí ènìyàn bá na apá, kò ní rí ìka ara rẹ̀. Awakọ̀ kì í wo iwájú, torí pé kò sí iwájú kankan láti wò. Ẹni tó jókòó lápá ọ̀tún ló máa ń ṣí fèrèsé, á yọ orí síta, á máa wo ìlà funfun tó wà létí títì, á sì máa ké e fún awakọ̀. Nínú ọkọ̀ tiwa, Àǹtí Chelo, ọ̀rẹ́ màmá mi, ló ti ń ṣe é láti ọdún mẹ́jọ. "Ìlà wà. Ìlà wà. Sún sósì díẹ̀. Ìlà wà." Bẹ́ẹ̀ ló máa ń wí títí a ó fi dé oko. Ọkọ̀ tó wà lẹ́yìn á máa tẹ̀ lé iná pupa ẹ̀yìn ọkọ̀ wa, èyí tó tẹ̀ lé e á máa tẹ̀ lé tirẹ̀, bí àwọn ọmọdé tó di etí aṣọ ara wọn mú.

3. Ní oṣù Kẹsàn-án, agbaṣẹ́ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ afárá tuntun sórí kòtò omi Bellota, kòtò jíjìn onísímẹ́ńtì tí wọ́n fi ń fa omi lọ sí àwọn oko. Nígbà tí iṣẹ́ ń lọ, wọ́n la ọ̀nà kékeré kan sápá ọ̀tún, wọ́n gbé afárá onírin lé kòtò náà fúngbà díẹ̀, wọ́n sì fa ìlà funfun sétí ọ̀nà kékeré náà. Ní ọjọ́ kejìdínlógún oṣù Kọkànlá, wọ́n ṣí afárá tuntun, wọ́n sì gbé afárá onírin lọ. Wọn kò pa ìlà ọ̀nà kékeré yẹn rẹ́. Wọn kò sì tíì fa ìlà sí títì tuntun. Mo fi ẹsẹ̀ wọ̀n ọ́n: ìṣísẹ̀ mẹ́rìnléláàádọ́rùn-ún ni títì tuntun fi wà láìní ìlà. Nítorí náà, ẹni tó bá ń tẹ̀ lé ìlà nínú kùrukùru kò lè mọ̀ pé ọ̀nà ti pín sí méjì. Ìlà kan ṣoṣo ni yóò rí, ìlà yẹn yóò yà á sọ́tùn-ún, lẹ́yìn ọgọ́ta ìṣísẹ̀ ọ̀nà yóò sì tán lórí omi.

4. Òótọ́ ni pé wọ́n gbé àgbá mẹ́ta aláwọ̀ ọsàn tó ní iná lórí dí ẹnu ọ̀nà náà. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni katakata ń gbà wọ oko álímọ́ńdì, àwọn tó ń wà á sì máa ń sún àgbá náà sẹ́gbẹ̀ẹ́, wọn kì í dá wọn padà. Ní Ọjọ́ Àbámẹ́ta tó kọjá, inú koríko ni mo ti rí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Iná wọn ti kú.

5. Ní Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kìíní oṣù yìí, èmi ni mo wakọ̀. A jẹ́ mẹ́sàn-án nínú bọ́ọ̀sì. Bàbá Fidencio Arriaga, ẹni ọdún mẹ́tàdínláàádọ́rin, òun nìkan ló wà nínú ọkọ̀ akẹ́rù rẹ̀ tó ń tẹ̀ lé wa, ọkọ̀ méjì míì sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Àǹtí Chelo ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ bó ṣe máa ń ṣe. Ó ní, "Ọmọ kọ́lẹ́ẹ̀jì, ṣé o fẹ́ kí àjàrà so kó tún pọ́n ká tó débẹ̀ ni? Ìgbín ti yà wá sílẹ̀." Màmá mi dá a lóhùn láti ẹ̀yìn pé, "Fi ọmọ mi sílẹ̀ jàre. Ìlà ni wọ́n ní kó o máa wò, wọn ò ní kó o máa sọ ìtàn." Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Àǹtí Chelo ní, "Ìlà wà. Ó funfun báláú. Ìlà wà."

Lẹ́yìn náà, ìró táyà yí padà lábẹ́ wa, bí ẹni pé orí òkúta wẹ́wẹ́ la wà. Àǹtí Chelo tún yọ orí síta sí i. Kò gbé ohùn sókè nígbà tó sọ ọ́. Ó ní, "Bri, ìlà ti tán."

Mo tẹ bíréèkì. Màmá mi ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ láti wo ibi tí a wà, ó sì gbé ẹsẹ̀ kan sílẹ̀. Ẹsẹ̀ náà kò kan ilẹ̀. Ó di ilẹ̀kùn mú, ó ní, "Kí ẹnikẹ́ni má mira." Ìgbà náà la gbọ́ omi nísàlẹ̀.

N kò mọ nọ́ńbà tí ó yẹ kí n fún èyí tó kàn, nítorí náà n kò fún un ní nọ́ńbà. N kò tíì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Mo rántí pé Bàbá Fidencio ń tẹ̀ lé iná wa. Mo rò ó pé bí ó bá ń rí iná náà, yóò bá a dé ìdí wa, yóò sì tì wá sínú omi. Mo pa gbogbo iná ọkọ̀. Mo rò pé bí kò bá rí nǹkan kan mọ́, yóò dúró.

Kò sí ẹni tí wọ́n bí sí àfonífojì yìí tí kò mọ̀ pé awakọ̀ tí iná ọkọ̀ iwájú bá pòórá mọ́ lójú kì í dúró. Ńṣe ló máa ń sáré lé e, torí pé bó bá dúró, ẹni ẹ̀yìn yóò kọlù ú. Èmi náà mọ̀ ọ́n. Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ ọ. Àmọ́ lásìkò yẹn, ó fò mí lórí. Mo gbọ́ tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń ké sókè sí i. Ó gba apá òsì wa kọjá, ó sún mọ́ wa débi pé ó gbá dígí ẹ̀gbẹ́ wa lọ. N kò gbọ́ ìró táyà mọ́. Omi ni mo gbọ́.

6. Màmá mi gba ilẹ̀kùn kejì jáde, ó sáré padà sẹ́yìn, ó ń fi àlùmọ́gàjí lu agolo oúnjẹ rẹ̀ kíkankíkan. Fèrèsé àwọn ọkọ̀ méjì yòókù wà ní ṣíṣí, wọ́n gbọ́, wọ́n sì dúró. Àwọn obìnrin so jákẹ́ẹ̀tì wọn pọ̀, Àǹtí Chelo sì fi sọ̀ kalẹ̀ sí ara símẹ́ńtì tó ń yọ̀. Omi mu Bàbá Fidencio dé àyà. Mo gbọ́ tí Àǹtí Chelo ń sọ fún un pé, "Ẹ di ọwọ́ mi mú, Bàbá. Bí ẹ bá kú síbí, ìyàwó yín á ní èmi ni mo tàn yín wá." Bàbá ní, "Ẹnu rẹ le ju omi yìí lọ, Chelo." A fà á jáde. Egungun itan rẹ̀ kán, ìhà rẹ̀ mẹ́ta náà kán. Ilé ìwòsàn ló ṣì wà.

7. Ọlọ́pàá tó wá kọ ọ́ sínú àbọ̀ rẹ̀ pé bàbá náà sáré jù nínú kùrukùru, òun ló fi já sínú kòtò. Kò kọ nǹkan kan nípa ìlà. Ó bi mí pé kí ni mo rí. Mo ní n kò rí nǹkan kan. Òótọ́ ni, kì í sì í ṣe òótọ́.

8. Mo ti pe nọ́ńbà tó wà lára pátákó yín lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ̀rọ ló ń dá mi lóhùn. Ní Ọjọ́ Ẹtì, mo lọ bá ọkùnrin kan tó dé akoto níbi iṣẹ́ agbaṣẹ́ṣe. Ó ní, "Ọmọ yìí, a ti ti ọ̀nà yẹn pa. Ẹni tó bá ń ríran kò ní gbà á." Mo ní, "Ẹ̀yin sà, kò sí ẹni tó ń ríran nínú kùrukùru." Ó ní, "Ẹ jókòó sílé yín nígbà náà." Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì lọ. Títí di ìsinsìnyí ni ojú fi ń tì mí pé mo dúpẹ́.

9. Ní Ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn, màmá mi àti Àǹtí Chelo gbé garawa ọ̀dà dúdú kan lọ síbẹ̀ láti fi pa ìlà náà rẹ́. Mo mọ̀ pé kò yẹ. Etí omi ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, torí pé ibẹ̀ ló ń bà wọ́n lẹ́rù. Wọn kò tíì kùn ju ogún ìṣísẹ̀ lọ tí ẹ̀ṣọ́ oko álímọ́ńdì fi dé. Ó ní ohun ìní ìjọba ni wọ́n ń bà jẹ́, ó ya fọ́tò nọ́ńbà ọkọ̀ wa, ó sì lé wọn lọ. Ibi tí ìlà náà ti yà kúrò lójú títì, níbi tó ti ń tan ènìyàn gan-an, kò sí ẹni tó fọwọ́ kàn án. Ohun tí wọ́n ṣe kò ju pé awakọ̀ yóò pàdánù ìlà nígbà tó bá ti kù díẹ̀ kó dé kòtò.

10. Àwọn tó ń sọ bí ojú ọjọ́ ṣe máa rí ní òjò ń bọ̀ ní Ọjọ́rú, àti pé afẹ́fẹ́ kò ní fẹ́ lálẹ́ ọjọ́ náà. Ẹ̀yin náà mọ ohun tí ìyẹn ń bí. Ní òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀, kùrukùru yóò ti wà nílẹ̀. Ọ̀nà kejì tó dé oko gùn ní máìlì mọ́kànlélógún, inú kùrukùru kan náà ló sì gbà kọjá. Mo bẹ màmá mi pé kó má lọ. Ó ní, "Fọ́máànù ti ní ẹlòmíì nílẹ̀, Bri. Ẹni tí kò bá wá ní Ọjọ́bọ̀, kó má wá mọ́." Kò tún fẹ́ kí n wakọ̀. Òun fúnra rẹ̀ ni yóò wà á, pẹ̀lú ọwọ́ tí kò lè di ìdarí ọkọ̀ mú dáadáa. Mo bi Àǹtí Chelo pé báwo ni yóò ṣe mọ ìlà tó jẹ́ ti títì. Ó ní òun yóò máa ké èyí tí òun bá rí.

Ìdí nìyí tí mo fi ń bẹ̀ yín pé kí ẹ rán ènìyàn lọ ha ìlà náà kúrò kí ilẹ̀ Ọjọ́bọ̀ tó mọ́, láti ibi tó ti yà títí dé etí omi, kí ẹ fa ìlà sí títì tuntun, kí ẹ sì fi búlọ́ọ̀kù símẹ́ńtì tí katakata kò lè sún dí ẹnu ọ̀nà kékeré náà. Bí gbogbo rẹ̀ kò bá ṣeé ṣe kíá, ẹ jẹ́ kí ẹnì kan dúró síbẹ̀ pẹ̀lú fìtílà láti aago márùn-ún títí oòrùn yóò fi mú. Bí kò bá sí ẹni tí ẹ lè rán, èmi yóò dúró síbẹ̀, bí ẹ bá lè fún mi ní ìwé tí mo lè fi han ẹ̀ṣọ́ yẹn.

Èmi fúnra mi ni mo mú lẹ́tà yìí wá sí ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì yín, torí pé ìfìwéránṣẹ́ kò ní bá Ọjọ́bọ̀. Mo bẹ̀ yín, ẹ má jẹ́ kí ẹlòmíì rí i. Ìwé ìwakọ̀ mi kò fàyè gbà mí láti kó òṣìṣẹ́ oko. Nọ́ńbà ọkọ̀ wa wà lọ́wọ́ ẹ̀ṣọ́. Bí fọ́máànù bá gbọ́ pé ilé wa ni ẹ̀sùn ti wá, àwọn obìnrin mẹ́jọ ni yóò pàdánù iṣẹ́. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, Bàbá Fidencio gbà pé ńṣe ni iná ọkọ̀ wa kú fúnra rẹ̀. Lánàá, nígbà tí mo lọ kí i, ó ní kí n jẹ́ kí ẹnì kan yẹ wáyà rẹ̀ wò kí n má baà fara pa. Mo fẹ́ fi ẹnu ara mi sọ òtítọ́ fún un. N kò tíì lè ṣe é. Ẹ jọ̀ọ́, kó má jẹ́ ẹ̀yin lẹ máa kọ́kọ́ sọ fún un.

Àmọ́ bí ó bá jẹ́ pé òfin yín kò gbà kí ẹ ha ìlà kan láìní orúkọ ẹni tó mú ẹ̀sùn wá àti ohun tí ojú rẹ̀ rí, ẹ má pa á mọ́ fún mi mọ́. Ẹ kà á sókè, pẹ̀lú ibi tí mo ti pa iná. Kí ẹ sáà ti ha á kúrò kí ó tó di Ọjọ́bọ̀.

Mo dúpẹ́ pé ẹ kà á dé ibí.

Èmi ni ọmọ yín tí ń fi ìbẹ̀rù dúró de èsì,

Briseida Carbajal,
Akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kìíní, Kọ́lẹ́ẹ̀jì Palo Hondo.