Ẹni Kọkànlá Nínú Fọ́tò

Ọjọ́ Ajé, 6 oṣù kẹwàá, 2025
Ẹgbẹ́ wa ní kọ́lẹ́ẹ̀jì máa pé ọgbọ̀n ọdún lóṣù tó ń bọ̀. Zakariyah, alága wa — Ẹnu-Oyin ni mo ń pè é níhìn-ín — ní kí n kọ ìtàn ẹgbẹ́. Ó ní èmi ni mo ń kàwé jù. Mo gbà. Kí ló dé tí mo gbà?

Ọjọ́rú, 8
Mo rí fọ́tò ọdún 2009. Àwọn ọmọ tuntun tò sétí odò Ọ̀ṣun, aṣọ funfun lọ́rùn wọn, kí a tó fi di ojú wọn. Mọ́kànlá ni wọ́n. Orúkọ mẹ́wàá ló wà nínú ìwé ẹgbẹ́.

Tóbilọ́ba ni ẹni kọkànlá. Òun nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.

Èmi ni mo mú un wọ odò. Àṣà wa ni: àgbà ẹgbẹ́ kan á fa ọmọ tuntun kan lọ́wọ́ kọjá. Àgbà náà kò gbọdọ̀ wẹ̀yìn, kò gbọdọ̀ dáhùn bí wọ́n bá pè é. Láàárín omi, ọwọ́ rẹ̀ yọ̀ bọ́ lọ́wọ́ mi. Ó pè mí lẹ́ẹ̀mejì. Mi ò wẹ̀yìn. Ọmọ ogún ọdún ni mí nígbà náà — mo gba òfin gbọ́ ju etí ara mi lọ. Omi gbé e lọ.

A sọ fún ilé ìwé pé ó dá lọ lúwẹ̀ẹ́ ni.

Ọjọ́ Ẹtì, 10
Mo ní ká kọ orúkọ rẹ̀ sábẹ́ àwọn olóògbé ẹgbẹ́. Ẹnu-Oyin ní ọmọ náà ò tíì búra, kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́. "Yẹmí, ìtàn ẹgbẹ́ lò ń kọ, kì í ṣe ìtàn odò." Lẹ́yìn náà ló béèrè, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bóyá ọ̀gá ilé ìwé tí mo ti ń ṣe tíṣà mọ̀ nípa rẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú, 12
Òjò. Mi ò kọ nǹkan kan.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 14
Mo gun ọ̀kadà lọ sí Sekona. Ìyá Tóbilọ́ba ń bó ẹ̀gẹ́ níwájú ilé. Mo ní ọ̀rẹ́ ọmọ wọn ni mí. Wọ́n fún mi lómi kí n tó jókòó. Ohun kan ni kò tíì yé wọn di òní:

"Ọmọ mi kì í wọ odò. Bó bá lọ pọnmi, etí bèbè ló ń dúró sí. Ta ló fà á wọnú odò?"

Mo ní mi ò mọ̀, mà. Mo parọ́, mo sì mu omi wọn.

Ọjọ́bọ̀, 16
Mo kọ ọ́. Ojú ewé kan. Orúkọ rẹ̀, òfin wa, ẹ̀ẹ̀mejì tó pè. Mo fi ránṣẹ́ sí Ẹnu-Oyin. Ó fèsì pé kò ní wọ inú ìwé ìtàn ẹgbẹ́. Kó má wọ̀ ọ́.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 18
Sekona. Mo fi ìwé náà lé ìyá lọ́wọ́. Wọn ò mọ̀wé kà. Wọ́n pe Bùkọ́lá, àbúrò Tóbilọ́ba. Ó ń kà á sókè bí ẹni ń ka Bíbélì ní ṣọ́ọ̀ṣì. Nígbà tó dé ibi tí mo kọ sí pé èmi ni mo fà á lọ́wọ́, ó wò mí. Ó fẹ́ ká ìwé náà.

Mo ti ń dìde. Ìyá gbé ọ̀bẹ tí wọ́n fi ń bó ẹ̀gẹ́ sílẹ̀.

"Máa kà á lọ," wọ́n ní. "Ẹni tó kọ ọ́ ò ní lọ síbì kankan."