Ògiri tó pín ilé wa sí méjì

Ẹ̀gbọ́n olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ bá mi yọ̀, mo ti dé ilé ọkọ! Ọkọ mi káfíńtà tún kóòṣì ọkọ̀ ojú irin àtijọ́ kan ṣe, onípákó látòkè délẹ̀, ibẹ̀ la ń gbé. Ògiri kan pín in sí méjì: tìmùtìmù wà lápá olówó, pákó lásán ni ti mẹ̀kúnnù. Ìyá ọkọ mi wá kí wa, orí pákó ni wọ́n jókòó sí.

"Màmá, ẹ bọ́ síbi tó rọ̀."

"Ìyàwó, wọ́n máa ń lé wa níbẹ̀ nígbà tèmi!"

A rẹ́rìn-ín títí, àmọ́ wọn ò dìde.

Mo fẹ́ ká wó ògiri náà. Ọkọ mi ní ká dá a sí, kí ọmọ wa lè mọ ohun tójú ìyá àgbà rẹ̀ rí. Ẹ̀yin olùgbọ́, èwo ló máa mú kí Màmá jókòó síbi tó wù wọ́n?