Ọ̀nà Inú Wáyà Ilé Wa Ti Há Jù

Ọmọ mi,

Ṣé dáadáa lẹ wà, ṣé ọmọ tuntun ń jẹ́ kí ẹ sùn? Ẹ kú ewu ọmọ o. Olúwa á dá a sí fún wa, wàrà ò ní gbẹ láyà rẹ. Gbogbo ilé ń kí ọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé inú ń bí mi bí mo ṣe ń kọ èyí.

Ọ̀rọ̀ àpótí íńtánẹ́ẹ̀tì tí o fi ránṣẹ́ ni. O ní iṣẹ́ rẹ ni láti máa wo ohun tó ń kọjá nínú wáyà ilé iṣẹ́ yín, kí ẹ lè mọ ibi tí èrò pọ̀ sí, kí ẹ sì fẹ ọ̀nà ibẹ̀. Mo ti sọ fún ọ pé yíyọjú sí ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀ kò dáa, àmọ́ ẹ̀yin lẹ kàwé. Ìwọ tó ń fẹ ọ̀nà fún odidi ilé iṣẹ́ wá jẹ́ kí tilé wa há mọ́ wa lọ́rùn.

Ìyá rẹ kàn fẹ́ rí ojú ọmọ kí dókítà tó ṣiṣẹ́ abẹ sí ojú tirẹ̀ ni. Gbogbo ìgbà tí o bá pè, àwòrán á dúró gbagidi, ọmọ á la ẹnu sílẹ̀ bí fọ́tò ara ògiri. Ìyá rẹ bi mí pé ṣé kò sí nǹkan tó ń ṣe ọmọ náà.

Mo wá ibi tí ọ̀nà ti há bí o ṣe wí. Mo rí i pé wáyà ká kọ́lọkọ̀lọ sẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù, ni mo bá gbé kọ́bọ́ọ̀dù kúrò, mo na wáyà tààrà gba àárín pálọ̀, mo ní kí ẹnikẹ́ni má tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀yìn mi ṣì ń ro mí, kò sì yí nǹkan kan padà. Àbúrò mi ló sọ pé èrò ló pọ̀: òun ń wo bọ́ọ̀lù ní yàrá, onígbàjámọ̀ iwájú ilé ń fi fíìmù dá oníbàárà dúró, télọ̀ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ń wo sítáì aṣọ. Ìyá rẹ ló fún gbogbo wọn ní ọ̀rọ̀ ìwọlé íńtánẹ́ẹ̀tì wa, ó ní aládùúgbò ni wọ́n.

Mo bá bọ́ síta, mo ń bẹ̀ wọ́n kí wọ́n kúrò lójú ọ̀nà. Onígbàjámọ̀ ní Bàbá, ẹnikẹ́ni ò dúró lójú ọ̀nà, inú ṣọ́ọ̀bù la wà. Nígbà tí mo sọ pé nítorí ojú ìyá rẹ ni, ó pa fíìmù, ó sì lọ bá télọ̀ sọ ọ́ fúnra rẹ̀.

O ní o pè lẹ́yìn náà, àwòrán mọ́ gaara, ìyá rẹ ò sọ̀rọ̀, ó sì pa fóònù mọ́ ọ létí. Kò mọ̀ọ́mọ̀ pa á. Ó rí ọmọ náà tó ń yán ni, ó bá gbé fóònù mọ́ àyà, àyà rẹ̀ ló tẹ ibi tí wọ́n fi ń pa á.

Jọ̀wọ́, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ ká fi fẹ ọ̀nà wáyà yìí. Àmọ́ bí owó ò bá tó ìyẹn àti owó ọkọ̀, fi wọkọ̀ wálé, ìwọ àti ọmọ. Ọ̀nà tí mọ́tò ń gbà kò há.

Ibi tí ẹsẹ̀ rẹ bá tẹ̀ á rọ̀ ọ́ lọ́rùn.

Èmi ni,
Bàbá rẹ.