Orúkọ Olè Tí Ẹ̀gbọ́n Mi Kọ Síwájú Ìwé

Olóòtú wa lórí rédíò, ẹ kú làálàá wa. Ẹ má wádìí orúkọ mi. Aránṣọ ṣá ni mí.

Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin jọ ń ka ìwé ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ kan tó ní apá mọ́kànlá. Agbẹ̀bí tó ti fẹ̀yìn tì ló ń tú àṣírí níbẹ̀. Kì í jágbe mọ́ èèyàn. Á po tíì fún ẹni tó fura sí, á béèrè àlàáfíà àwọn ọmọ rẹ̀, títí onítọ̀hún á fi jẹ́wọ́ fúnra rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi ló ń kọ́kọ́ kà á. Kí wọ́n tó fi ránṣẹ́ sí mi, wọ́n á ti fi pẹ́ńsù kọ orúkọ olè síwájú ìwé, ìkà èèyàn! Síbẹ̀ mo máa ń kà á tán, torí olè kọ́ ni mò ń wá níbẹ̀, ìfọ̀kànbalẹ̀ ni.

Lẹ́yìn ìsìnkú ìyá wa, a wá aago ọwọ́ wọn tì. Ẹ̀gbọ́n mi ní èmi ni mo jí i. A ò bára wa sọ̀rọ̀ mọ́, àmọ́ wọ́n ṣì ń fi ìwé ránṣẹ́.

Apá kọkànlá dé lánàá. Níbi orúkọ olè, wọ́n kọ ọ́ pé: "Èmi ni. Aago Mọ́mì wà lọ́wọ́ mi."

Mo ti ránṣẹ́ pè wọ́n, omi tíì sì ti wà lórí iná. Ẹ̀yin olùgbọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ṣé aago ni kí n kọ́kọ́ béèrè, àbí àlàáfíà àwọn ọmọ wọn?