Ẹni Tó Lè Fọwọ́ Kan Ẹsẹ̀ Àjíkẹ́

Èmi, Dáfídì Ọláyínká Ògúnmọ́dẹdé, tí gbogbo Ẹdẹ ń pè ní Bàbá Ẹlẹ́ṣin, ni mò ń sọ̀rọ̀. Orí mi pé, ojú mi là, kò sẹ́ni tó ti ọ̀rọ̀ yìí sí mi lẹ́nu. Ìwé díẹ̀ ni mo kà, ṣùgbọ́n ẹ wo ilé, ẹ wo ẹṣin, kí ẹ fi ọ̀mọ̀wé tó ní irú ẹ̀ hàn mí. Olúṣọlá àbúrò mi ni kó pín nǹkan mi bí mo ṣe kọ ọ́.

1. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tó wà lọ́nà Sẹ́kọ́nà, mo fún Adéyẹmí àti Gbémi, àwọn ọmọ mi. Comfort ìyàwó mi ni kó máa gbé yàrá mi títí ọlọ́jọ́ á fi dé. Ẹ ò gbọdọ̀ tà á. Ẹ̀yin tí ẹ ń dúnàá-dúrà ẹ̀ nígbà tí àìsàn dá mi dùbúlẹ̀, mo gbọ́ ohùn yín láti inú yàrá.

2. Ọ̀rọ̀ Àjíkẹ́, abo ẹṣin mi. Ẹsẹ̀ kan ń dùn ún, ó sì nílò ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń fọwọ́ ra á, tó mọ bí wọ́n ṣe ń fi omi gbígbóná jó o. Ìyẹn ló ń bà mí lẹ́rù ju ikú lọ. Láti ìgbà tí sójà ti gbàjọba, tí oògùn ti wọ́n bí ojú, gbogbo ẹni tó ní abẹ́rẹ́ lápò ti di dókítà ẹṣin. Èyí tí Adéyẹmí mú wá, tó ní òkè òkun lòun ti kọ́ṣẹ́, títí dòní a ò mọ ohun tó gún fún Àkànbí, akọ ẹṣin mi. Ọjọ́ kejì ni ẹṣin náà kú. Comfort, tó ń fi òrí ra á láràárọ̀, sunkún ju bó ṣe sunkún ìyá ẹ̀ lọ. Èmi náà sunkún, ṣùgbọ́n ẹ̀yìnkùlé ni mo ti sun tèmi.

3. Ẹnikẹ́ni tó bá ní òun fẹ́ tọ́jú Àjíkẹ́, kó mú ìwé ẹ̀rí wá, kó dárúkọ ẹni tó kọ́ ọ níṣẹ́, kí ẹ lọ bi onítọ̀hún léèrè. Kò tíì tán. Ìwé lè jẹ́ ti ẹlòmíì. Ẹ parọ́ ẹsẹ̀ fún un, ẹ dárúkọ èyí tí kò dùn ún. Tó bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í ra èyí tí ẹ dárúkọ, ẹ fún un lómi tútù mu, kó máa lọ. Tó bá kọ́kọ́ ní kí ẹ mú ẹṣin rìn, tó fọwọ́ kan ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wò, tó wá ní ẹ ò mọ ohun tí ẹ ń sọ, ẹ gbé àga fún un. Ẹni tó bá ṣèlérí pé lójọ́ kan ló máa san, olè ni.

4. Ẹ̀yin náà ni mo ti parọ́ ẹsẹ̀ yẹn fún láti ìgbà òjò tó kọjá. Adéyẹmí gbà á. Gbémi gbà á, ó tún gbàdúrà sí i. Olúṣọlá, ìwọ náà gbà á. Morónkẹ́ ìyàwó Adéyẹmí, tíṣà tí ìjọba ò sanwó fún, tí kì í rẹ́rìn-ín sí mi látọjọ́ tí mo ti ní kò mọ ọbẹ̀ ẹ́ sè, òun nìkan ló bẹ̀rẹ̀ wò ó. Ó ní, "Bàbá, irọ́ lẹ ń pa. Ẹsẹ̀ mìíràn ló gbóná." Òun ni mo fún ní Àjíkẹ́, àti ilé ẹṣin, àti ilẹ̀ koríko ẹ̀yìn ẹ̀. Òun nìkan ni kó máa yan ẹni tó máa tọ́jú ẹ̀. Ọbẹ̀ ẹ̀ ò tíì dùn o.

5. Gàárì, ìjánu àti aṣọ ẹṣin tí mo rà ní Ìlọrin, mo fún Adéyẹmí. Tó bá fẹ́ gun ẹṣin, kó lọ tọrọ ẹ̀ lọ́wọ́ ìyàwó ẹ̀.

6. Mi ò kọ ẹsẹ̀ tó ń dùn ún síbí, torí mo mọ̀ pé ẹnìkan nínú yín á lọ kà á fún dókítà ẹ̀. Ẹ má sì bi Morónkẹ́. Ó mọ bí wọ́n ṣe ń panu mọ́ tí wọ́n bá fẹ́ fi dun èèyàn. Ó ti ṣe é fún mi rí.

Orúkọ mi ni mo fi ọwọ́ ara mi kọ yìí, kì í ṣe àtàǹpàkò:
D. O. Ògúnmọ́dẹdé
Ẹdẹ, ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹta, ọdún 1985.

Àwọn ẹlẹ́rìí: Fádáre Àlàó, àgbẹ̀, ìlú Ara; Fọlákẹ́ Adéoyè, aránṣọ, Ẹdẹ. Wọ́n rí mi bí mo ṣe ń fọwọ́ sí i. Wọn ò rí ohun tí mo kọ.